Wíwọn bí àwọn awakọ̀ ṣe ń lo fóònù lórí ìrìn

Ìwádìí lórí iye àwọn awakọ̀ tó ń lo fóònù alágbèéká nígbà tí wọ́n ń wakọ̀ jẹ́ ara ìmọ̀ nípa ààbò ojú pópó. Bíbéèrè lọ́wọ́ awakọ̀ fúnra rẹ̀ kò tó, nítorí òfin ka ìwà náà léèwọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ló máa ń jẹ́wọ́ tán.

Ní Amẹ́ríkà, NHTSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ààbò ojú pópó, máa ń ṣe ìwádìí kan tí à ń pè ní NOPUS. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́ náà a dúró sí oríta tí iná tó ń darí ọkọ̀ tàbí pátákó ìdúró wà, láàárín aago 7 àárọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́, wọn a sì ṣàkọsílẹ̀ bóyá awakọ̀ tó dúró gbé fóònù sétí, bóyá ó ń sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ ẹ̀rọ tó fi sí etí, tàbí bóyá ó ń fọwọ́ tẹ fóònù. Wọn kì í bi í léèrè ohunkóhun. Ojú lásán ni wọ́n fi ń díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀ pàápàá. Ní 2014, ìdá 4.3 nínú ọgọ́rùn-ún awakọ̀ ló gbé fóònù sétí, ó sì lọ sílẹ̀ sí 2.5 ní 2021. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà, àwọn tó ń tẹ fóònù kúrò ní 2.2, wọ́n di 3.4. Ẹni tó bá wo òǹkà àkọ́kọ́ nìkan yóò rò pé ìwà náà ń dínkù.

Ọ̀nà yìí kò rí òru, kò sì rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú ẹ̀rọ ọkọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí mìíràn fi ń gbé kámẹ́rà sínú ọkọ̀ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn. Ilé ẹ̀kọ́ Virginia Tech ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún ọkọ̀, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2006. Nínú èyí tó tóbi ju ìyẹn lọ, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2016, tí àwọn awakọ̀ tó lé ní 3,000 sì kópa, a rí fóònù lọ́wọ́ awakọ̀ nínú ìdá 6.4 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò ìwakọ̀ tí wọ́n ṣà yẹ̀wò. Èyí kò tako ti NOPUS, nítorí oríta ni ti ibẹ̀, gbogbo ìrìn sì ni tibí.

Ní New South Wales, ní Ọsirélíà, kámẹ́rà tó wà lókè títì ló ń ya àwòrán inú ọkọ̀ láti Oṣù Kejìlá 2019. Kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ ń ṣa àwọn àwòrán tó mú ìfura dání, lẹ́yìn náà ni ènìyàn tún un yẹ̀wò.