Pípàgọ́ létí adágún Powell nígbà ooru

Adágún Powell jẹ́ adágún àtọwọ́dá lórí odò Colorado, ní ààlà ìpínlẹ̀ Utah àti Arizona ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Àárín aṣálẹ̀ ló wà. Òkúta pupa ló yí i ká, igi tí èèyàn lè jókòó sábẹ́ òjìji rẹ̀ kò sì pọ̀. Síbẹ̀, bí ooru bá ti dé, ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń kó àgọ́ àti ọkọ̀ ojú omi wọn wá síbẹ̀.

Dáàmù Glen Canyon ló bí adágún náà. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 1956, wọ́n sì sé odò ní oṣù kẹta ọdún 1963. Àfonífojì tí omi náà ní láti kún jìn gan-an, ó gbà á ní ọdún 17 kó tó kún dẹ́nu ní oṣù kẹfà ọdún 1980. Wọ́n fi orúkọ John Wesley Powell pè é, ọmọ ogun tó pàdánù apá ọ̀tún rẹ̀ nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, tó sì kó àwọn èèyàn gba orí odò náà kọjá ní 1869. Àwọn òṣìṣẹ́ dáàmù ni wọ́n tẹ ìlú Page, ní Arizona, dó fún ní 1957. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń lọ pàgọ́ ti ń ra epo àti omi dídì lónìí. Ní 1972 ni ìjọba àpapọ̀ sọ agbègbè náà di ibi ìgbafẹ́, àjọ National Park Service ló sì ń bójú tó o. Ilẹ̀ àwọn Navajo, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni apá gúúsù, ẹni tó bá fẹ́ pàgọ́ sórí ilẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn.

Lone Rock, ní apá Utah, jẹ́ ọ̀kan lára etí omi tó gbajúmọ̀ tí èèyàn lè fi mọ́tò dé níbẹ̀. Àpáta ńlá kan tó dá dúró ló fún un lórúkọ. Bí omi bá kún, àárín omi ni àpáta náà wà. Bí omi bá fà gan-an, orí ilẹ̀ gbígbẹ ló ń dúró sí. Kò sí àyè tí wọ́n fi nọ́ńbà pín: ẹni tó bá dé a wa ọkọ̀ rẹ̀ sórí iyanrìn, a sì pàgọ́ síbi tó wù ú. Taya máa ń rì. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ a kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, a fẹsẹ̀ tẹ iyanrìn wò, a sì tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ kúrò nínú taya kó tó wọlé. Èèkàn kékeré tó máa ń bá àgọ́ wá kì í mú nínú iyanrìn, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ọ̀sán lè gbé àgọ́ lọ. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n rọ iyanrìn kún àpò, kí wọ́n so okùn àgọ́ mọ́ ọn, kí wọ́n sì rì í mọ́lẹ̀. Nǹkan kan tún máa ń da àlejò rú: ọ̀pọ̀ ibi ní Arizona kì í yí aago padà nígbà ooru, Utah sì ń sún un síwájú ní wákàtí kan. Bí aago mẹ́jọ bá lù ní Page, mẹ́sàn-án ti lù ní Lone Rock, tí kò jìnnà síbẹ̀ rárá.

Etí omi yìí kì í dúró sójú kan. Yìnyín tó ń yọ́ lórí òkè Rocky ló ń bọ́ adágún náà, nítorí náà omi máa ń gòkè ní oṣù karùn-ún àti ìkẹfà, kódà nígbà tí òjò kò rọ̀ rárá níbẹ̀. Ẹni tó bá pàgọ́ sẹ́bàá omi lè jí lóru kó bá omi lẹ́nu ọ̀nà. Bí adágún bá kún, ojú omi a ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3,700 sí ojú òkun. Ọ̀dá ọlọ́pọ̀ ọdún fà á wálẹ̀ dé nǹkan bí 3,520 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Ibi tí omi fi sílẹ̀ lára àpáta funfun báláú, bí àmì tí omi ń fi sínú ìkòkò amù. Ibi tí èèyàn sùn sí lọ́dún tó kọjá lè ti wà nísàlẹ̀ omi, tàbí kó jìnnà sómi.

Ooru ibẹ̀ lè kọjá 38°C, nítorí náà àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tó bá le, inú omi ni ọ̀pọ̀ ń wà lọ́sàn-án. Àgbàrá burú ju oòrùn lọ. Láti oṣù keje dé ìkẹsàn-án, òjò lè rọ̀ níbi tó jìnnà kí àgbàrá rẹ̀ sì ya wọ pàlàpálá òkúta tí oòrùn ń ràn sí. Báyìí ni èèyàn 11 ṣe kú ní Antelope Canyon, pàlàpálá òkúta kan nítòsí Page, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1997. Àwọn tó ń sùn nínú ọkọ̀ ojú omi onílé ní ewu tiwọn: èéfín jẹnẹrétọ̀, irú èyí tó ń pa èèyàn mọ́ inú yàrá ní Nàìjíríà, ti pa àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ nídìí ọkọ̀.

Ẹni tó bá pàgọ́ síbi tí kò ju nǹkan bí 400 mítà lọ sí omi, níbi tí kò sí ilé ìgbẹ́, gbọ́dọ̀ gbé ilé ìgbẹ́ alágbèéká dání, kó sì kó ohun inú rẹ̀ lọ dà síbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Ẹ̀dá oníkarahun kékeré kan, quagga, tún ti gba adágún náà, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Kó má bàa bá ọkọ̀ dé omi mìíràn, kí ọkọ̀ ojú omi tó kúrò níbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fà á gbẹ, kí wọ́n sì yọ ìdérí ìdí rẹ̀ kí omi tó kù nínú rẹ̀ lè dànù.