Náfílà ní Yídì: Ibi Tí Èèyàn Dúró Sí Ló Ń Pinnu

Láàárọ̀ Iléyá, yálà ní Kàbà tàbí ní Ìyàrà, ó lè ṣẹlẹ̀ pé ọkùnrin tó ti Àbújá wálé ọdún á tẹ́ ẹní sórí koríko tí ìrì ò tíì gbẹ lára rẹ̀, á bọ́ bàtà, á káwọ́ sókè, á wọ ìrun ráká méjì. Kó tó rúkúù, ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ti máa mirí. Tó bá sálámà tán, onítọ̀hún á ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọn kì í kí náfílà níbí," ìyẹn ìrun àfikún tí kì í ṣe dandan. Òun náà á fèsì pé ṣebí Ànábì ní kéèyàn má jókòó láìkí ráká méjì.

Àwọn méjèèjì ló ní hádíìsì, ìyẹn ìròyìn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì, lọ́wọ́. Ti ẹni tó kírun, tí Abu Qatada gbà wá, mọ́sálásí ló dárúkọ. Yídì ní tiẹ̀, ilẹ̀ gbalasa ni. Ti Ibn Abbas, tó wà nínú ìwé àkójọ hádíìsì Bukhari àti Muslim, ọjọ́ ọdún gan-an ló bá wí: Ànábì jáde lọ́jọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀, ó kí ráká méjì, kò kírun kankan ṣáájú rẹ̀, kò sì kí òmíràn tẹ̀ lé e.

Ojú ọ̀nà Màlíkì, ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ń gbà túmọ̀ òfin Ìsìláàmù, tí ọ̀pọ̀ àáfà ilẹ̀ Yorùbá ń tọ̀, ò fẹ́ náfílà ní yídì ṣáájú ìrun ọdún tàbí lẹ́yìn rẹ̀, yálà fún lémọ́ọ̀mù tàbí fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ ohun tí wọn ò fẹ́ yàtọ̀ sí èèwọ̀. Ẹni tó kí i ò dẹ́ṣẹ̀, kò sì sídìí láti máa fà á láṣọ.

Òjò ló máa ń yí ọ̀rọ̀ padà. Iléyá 2024 bọ́ sí 16 oṣù Òkúdù, ti 2025 sì bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù náà, ìgbà òjò ni méjèèjì ní ilẹ̀ Ọ̀kun, níbi tí Kàbà àti Ìyàrà wà. Tí òjò bá lé èrò wọ mọ́sálásí, Màlíkì ò kórìíra náfílà níbẹ̀ mọ́, ìbáà jẹ́ ṣáájú ìrun ọdún tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Kìkì pé ẹni tó bá tètè dé á dúró kí oòrùn kọ́kọ́ ga tó ìwọ̀n ọ̀kọ̀ kan, bí ìṣẹ́jú 15 sí 20 lẹ́yìn tó bá yọ.

Ọ̀nà Ṣáfíì ní tirẹ̀ gbà fún ẹni tó wà lẹ́yìn lémọ́ọ̀mù láti kí i ní yídì pàápàá. Lémọ́ọ̀mù nìkan ni wọn ò fẹ́ kó kí i. Hánbálì ò fẹ́ ẹ rárá níbi tí wọ́n ti ń kírun ọdún, mọ́sálásí ni o, pápá ni o. Ìdí nìyí tí àwọn tó kàwé ní ilé-kéú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fi lè máa jiyàn lórí ẹní kan ṣoṣo. Tilé ò le tó bẹ́ẹ̀: Ibn Majah gbà á wá látọ̀dọ̀ Abu Sa'id pé Ànábì máa ń kí ráká méjì tó bá padà délé.

Ẹnì kan wà tí wọ́n máa ń ṣì mú. Tírélà dí ọ̀nà Ọbajana mọ́ ọn, ó débẹ̀ nígbà tí lémọ́ọ̀mù ti sálámà, ó jókòó gbọ́ kutubá tán, ó wá dìde kírun. Náfílà kọ́ nìyẹn, ìrun ọdún tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ló ń kí: kábárà ("Allahu Akbar") méje ní ráká àkọ́kọ́, pẹ̀lú èyí tó fi wọ ìrun, àti márùn-ún ní ráká kejì lẹ́yìn èyí tó fi dìde. Ní ọ̀nà Màlíkì, ó láyè láti kí i títí oòrùn á fi yẹ̀ kúrò ní àtàrí; tó bá ti yẹ̀, kò ní san án mọ́.