Ta ló ń jẹ dátà ṣọ́ọ̀bù? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí vnStat

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lẹ́bàá Ọjà-Ọba, ní Òṣogbo níbí. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, Ubuntu, irú Linux kan (ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, bíi Windows), ló wà lórí gbogbo wọn. Ọ̀kan tó ti gbó díẹ̀ ló ń gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, òun ló ń pín in fún mẹ́ta tó kù. Dátà tó yẹ kó lo oṣù kan kì í ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ̀gbọ́n sì ti ń fura sí ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́. Mo fi vnStat, ètò kan tó ń ka iye dátà tó ń wọlé tó ń jáde, sórí kọ̀ǹpútà tó ń pín in. Bí ìbéèrè ẹ̀gbọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ṣé kì í ṣe pé ohun tí o fi sí i yìí á máa yọjú wo ohun táwọn kọ́sítọ́mà mi ń ṣe?

Rárá, mà. Mítà iná ni kẹ́ ẹ fi wò ó. Mítà mọ iye iná tẹ́ ẹ lò, kò mọ̀ bóyá aṣọ lẹ lọ̀ tàbí fíríìjì ló jẹ ẹ́. Linux fúnra rẹ̀ ti ní irú mítà bẹ́ẹ̀ nínú: gbogbo báìtì tó bá gba wáyà tàbí Wi-Fi kọjá ló ń kà. Ẹ tẹ `cat /proc/net/dev`, ẹ ó rí i. Àléébù rẹ̀ ni pé tí kọ̀ǹpútà bá kú, òǹkà náà á padà sí òdo. vnStat ni akọ̀wé tó ń lọ ka mítà náà ní ìṣẹ́jú-àáyá 20-20, tó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Kì í tú ẹrù ẹnikẹ́ni wò, ìdí nìyẹn tí kì í fi í fa kọ̀ǹpútà sẹ́yìn, bó ti wù kó gbó tó. Teemu Toivola ló kọ ọ́, ó ti wà láti 2002, ọ̀fẹ́ sì ni.

NEPA ńkọ́?

Ìṣẹ́jú 5-5 ló ń kó ohun tó kà sórí dísìkì. Tí iná bá lọ lójijì, ohun tó wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn nìkan ló máa sọnù. Aago gan-an ló ń bà mí lẹ́rù: bátìrì kékeré inú kọ̀ǹpútà yín ti kú, ọjọ́ tí aago bá sì pè ni vnStat máa gbà gbọ́. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fi í sí i?

`sudo apt install vnstat`, ó parí. Ẹni tó ń lo FreeBSD, ètò míì tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, á tẹ `pkg install vnstat`. Kò mọ nǹkan kan nípa dátà tó ti lọ kó tó dé, torí náà ẹ má bi í ní ti àná.

Ó dáa, ta ló wá ń jẹ dátà mi?

Kò lè dárúkọ ẹnikẹ́ni, àmọ́ ó lè sọ wákàtí. Mo tẹ `vnstat -d`, ó to ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: rx ni ohun tó wọlé, tx ni ohun tó jáde. Ọjọ́ méjì ga ju àwọn tó kù lọ fíìfíì. Mo wá tẹ `vnstat -h`, tó ń tò ó ní wákàtí-wákàtí. Láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án àárọ̀ nìkan, rx ti lé ní 2 GiB. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láago mẹ́jọ. Ọmọ tó ń fura sí kì í dé títí aago mẹ́wàá fi lù. Ẹ̀gbọ́n dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì mo tètè dé, mo sì ṣí `iftop`, ètò míì tí òun ń fi àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà tó ń fa dátà àti ibi tó ti ń fà á hàn. Bí wọ́n ṣe tan kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta báyìí, gbogbo wọn dáwọ́ lé e pọ̀: àtúnṣe Ubuntu tó yẹ kó ti wọlé ní ìdájí, tí iná kò sí, ni wọ́n ń fà. Ohun kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹta, lórí owó kan náà! Wákàtí ọjọ́ 4 péré ni vnStat máa ń tọ́jú o, bẹ́ ẹ bá ti fura, ẹ má fi falẹ̀. Ti ojoojúmọ́ ló ń tọ́jú fún ọjọ́ 62.

Kí ló dé tí iye rẹ̀ fi yàtọ̀ sí tàwọn tí mo ra dátà lọ́wọ́ wọn?

Ojú ọ̀nà méjì ló wà lára kọ̀ǹpútà yìí, ọ̀kan síta, ọ̀kan sínú ṣọ́ọ̀bù. Dátà kan náà ló ń gba méjèèjì kọjá, bẹ́ ẹ bá rò wọ́n pọ̀, ẹ ti kà á lẹ́ẹ̀méjì. Ti ìta ni kẹ́ ẹ máa wò, bíi `vnstat -i enp3s0` (`enp3s0` ni orúkọ ojú ọ̀nà náà). Fóònù yín tó so mọ́ ráútà tààrà kò sí nínú ìṣirò rẹ̀ rárá. GiB tó ń kọ sì ju GB lọ díẹ̀: báìtì 1,073,741,824 ni ọ̀kan, 1,000,000,000 ni èkejì. Lákòótán, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù lẹ máa ń ra dátà, ọjọ́ kìíní ni vnStat sì ń bẹ̀rẹ̀ oṣù. Mo ti ṣí `/etc/vnstat.conf`, fáìlì tí ìlànà rẹ̀ wà, mo kọ `MonthRotate 17`, kí oṣù tiẹ̀ náà lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Bọ̀ọ̀dá, ṣé mo lè rí i bó ṣe ń lọ lójú ẹsẹ̀? (Ọmọ náà ló béèrè èyí.)

Tẹ `vnstat -l`. Tó bá sú ẹ, tẹ Ctrl àti C pọ̀, á ṣírò gbogbo ohun tó kọjá látìgbà tó o ti ń wò ó. Ó ti sọ ọ́ di eré báyìí, ó ń fi í wo iye tí fídíò kan ń jẹ.