Sankara tí wọ́n ń fi Traoré wé: irú òṣèlú wo ló ṣe gan-an?

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Burkina Faso ṣí ilé ìrántí ńlá kan sójú oórì Thomas Sankara, olórí orílẹ̀-èdè náà tẹ́lẹ̀, àti àwọn 12 tí wọ́n pa pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn kan ní kọ́múníìsì ni Sankara, àwọn kan ní ẹni Ọlọ́run rán. Wọ́n tún ń fi Ibrahim Traoré, olórí ìjọba ológun ibẹ̀, wé e. Ìbéèrè pọ̀.

Ìgbà wo ló ṣèjọba?
Oṣù Kẹjọ 1983 sí oṣù Kẹwàá 1987.

Ṣé kọ́múníìsì ni?
Ó ka ìwé Marx àti Lenin, àwọn aṣíwájú èrò kọ́múníìsì, ó sì ń sọ èdè wọn. Àmọ́ kò dá ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo sílẹ̀ bíi ti Rọ́ṣíà.

Kí ló gbà gbọ́?
Pé ẹni tó ń bọ́ni ló ń pàṣẹ fúnni. Nítorí náà, kí orílẹ̀-èdè jẹ ohun tó gbìn, kó sì wọ aṣọ tó hun: ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa wọ faso dan fani, tó dà bí òfì tiwa. Ó fagi lé owó orí, ó dín agbára àwọn ọba kù, ó ta àwọn Mercedes ìjọba, ó sì ní kí àwọn mínísítà máa gun Renault 5, ọkọ̀ kékeré olówó pọ́ọ́kú. Ọ̀pọ̀ káńsẹ́lọ̀ níbí kò ní wọ̀ ọ́ lọ síbi ìsìnkú. Ní 1984, wọ́n fún nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.5 ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Lọ́dún yẹn kan náà, ó ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ tí ọkùnrin máa lọ ná ọjà kó sì dáná, kí wọ́n lè mọ ohun tójú ìyàwó ń rí.

Gbèsè tí Áfíríkà jẹ òkèèrè ńkọ́?
Níbi ìpàdé àwọn olórí Áfíríkà ní Addis Ababa, oṣù Keje 1987, ó ní kí Áfíríkà má san án. Ó ní bó bá jẹ́ Burkina nìkan ló kọ̀, òun kò ní sí níbi ìpàdé tó ń bọ̀. Kò tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi pa á. Blaise Compaoré, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló gbapò. Ní 2022 ilé ẹjọ́ dá Compaoré lẹ́bi ikú Sankara, wọ́n ní kó ṣẹ̀wọ̀n gbére, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí níbẹ̀.

Ṣé kò wá ní àbùkù ni?
Ó ní. Àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1984, ó lé èyí tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ìgbìmọ̀ àdúgbò tó dá sílẹ̀ gbé ìbọn, àwọn kan sì fi ń dẹ́rù ba ará ìlú. Kò ṣètò ìdìbò rí. Ẹni tó bá ń sọ ti Renault láìsọ èyí kò sọ ìtàn náà délẹ̀.

Ṣé Traoré ni Sankara kejì?
Ológun ni, ó ń sọ̀rọ̀ bíi Sankara. Ní 2024, wọ́n fi ọdún 5 kún àkókò ìjọba ológun rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn wò ó.

Fídíò Sankara dé orí WhatsApp mi. Ṣé kí n fi ránṣẹ́?
Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ èdè tó ń sọ. Faransé ló fi sọ ọ̀rọ̀ Addis Ababa. Bó bá ń sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì geere, ẹlòmíì tàbí ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀.