Ẹ̀rọ Kọ́ Ló Ń Fa Omi Kànga

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú tán, tí ẹ̀rọ tó ń gbé omi kànga lọ sínú táǹkì bá ń kùn lásán, ìmọ̀ràn tó máa ń kọ́kọ́ wá ni pé ẹ̀rọ náà ò lágbára tó. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ 0.5 HP jù sílẹ̀ (HP ni wọ́n fi ń wọn agbára ẹ̀rọ), wọ́n á lọ ra 1.5 HP. Ìyẹn náà á kùn títí, táǹkì á sì gbẹ bó ṣe wà. Owó ti lọ, kò sì sẹ́ni tó wo bí omi kànga ṣe jìn sí báyìí.

Àwòrán tó wà lọ́kàn wa ló ń fa gbogbo rẹ̀: pé ẹ̀rọ di omi mú, ó sì ń fà á bọ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń fa okùn garawa. Okùn ní orí tí wọ́n ń dì mú. Tí orí bá ti wá, ìdí á tẹ̀lé e, bó ti wù kí kànga jìn tó, bí apá bá ṣáà ti le. Omi ò ní orí tí wọ́n ń dì mú. Ẹ̀rọ tó bá lágbára ní ìlọ́po mẹ́wàá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ò lè fà á jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí kò sí èyí tó ń fà á nínú àwọn méjèèjì.

Gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe ni pé ó ń ju omi tó wà nínú ikùn rẹ̀ síta. Bí ìyẹn ṣe ń jáde, àyè ń ṣí lẹ́yìn rẹ̀, ohun tó wà nínú páìpù ò sì tẹ̀ mọ́ bíi ti ìta. Afẹ́fẹ́ ìta ní tirẹ̀ ń tẹ ojú omi kànga tọ̀sán-tòru. Òun ló ń ti omi wọ inú páìpù gòkè lọ bá ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ló ṣí ọ̀nà, afẹ́fẹ́ ló ru ẹrù.

Ẹrù tí afẹ́fẹ́ lè rù sì níwọ̀n. Létí òkun, kò lè gbé omi ga ju nǹkan bíi mítà 10.3 lọ. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ omi ní Ítálì ti rí i pé ibì kan wà tí omi kì í kọjá, Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará ibẹ̀, sì mẹ́nu bà á nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1638, ṣùgbọ́n Torricelli, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ítálì mìíràn, ló rí ìdí rẹ̀. Mẹ́kúrì, irin tó ń ṣàn bí omi, ló lò nínú páìpù gíláàsì dípò omi. Mẹ́kúrì wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 13.6, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 76 ni gíga ibi tó sì dúró sí nínú páìpù náà. Ẹ sọ 76 di ìlọ́po 13.6, ẹ ó bá mítà 10.3 náà níbẹ̀.

Nílé àwa èèyàn, kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìlú bíi Jos, tó ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 1,200, afẹ́fẹ́ rẹ̀ fúyẹ́ débi pé bíi mítà 9 ló kù. Páìpù tóóró ń dí omi lọ́wọ́, gbogbo ibi tí páìpù bá ti ṣẹ́rí ń dí i, ooru omi pàápàá ń bù díẹ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọṣẹ́ kì í fi gbára lé ju mítà 7 lọ, láti ojú omi dé ibi tí ẹ̀rọ jókòó sí. Ojú omi ni, kì í ṣe ìsàlẹ̀ kànga. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kéékèèké, wọ́n á kọ ọ́ pé H.max jẹ́ mítà 35, ẹni tó rà á á sì rò pé kànga ẹsẹ̀ bàtà 100 kì í ṣe nǹkan fún un. Mítà 35 yẹn ni ibi tí ẹ̀rọ lè ti omi dé nígbà tí omi bá ti wọ inú rẹ̀. Èyí tó kan kànga ni Suct. tó máa ń wà nítòsí rẹ̀, ìyẹn bí ojú omi ṣe lè jìn sí ẹ̀rọ tó, kì í sì í sábà ju mítà 8 tàbí 9 lọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ omi tí wọ́n ń rọ sínú ẹ̀rọ kó tó ṣiṣẹ́. Àwọn kan rò pé ẹ̀tùtù ni. Ìṣirò lásán ni. Omi wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 800. Ẹ̀rọ tó lè ju omi sókè mítà 35, tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló kún ikùn rẹ̀, afẹ́fẹ́ náà ló máa jù, ipá tó máa ní lórí omi kò sì ní ju sẹ̀ǹtímítà 4 àti díẹ̀ lọ. Ó ń yí kíákíá, omi inú páìpù kàn gbéra bí ìka ọwọ́ kan, ó dúró.

Nítorí náà, wọ́n á pa iná, wọ́n á yọ púlọ́ọ̀gì, wọ́n á tú nọ́ọ̀tì orí ẹ̀rọ, wọ́n á sì máa rọ omi síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Á máa hó, á máa tu afẹ́fẹ́. Tó bá kún dé ẹnu, kí wọ́n dúró ná. Ó sábà máa ń tún lọ sílẹ̀, kí wọ́n rọ sí i títí yóò fi dúró jẹ́ẹ́. Tí kò bá kún rárá, fáàfù tó wà nídìí páìpù nísàlẹ̀ kànga, èyí tí àwọn pọ́lọ́mbà ń pè ní foot valve, tí kì í jẹ́ kí omi padà sínú kànga, ló ń jò. Ewé kan tàbí òkúta wẹ́wẹ́ ti há sí i lẹ́nu. Ilé tí wọ́n ti ń rọ omi sí ẹ̀rọ ní àràárọ̀ kò nílò ẹ̀rọ tuntun, fáàfù yẹn ni kí wọ́n fà yọ, kí wọ́n fọ̀.

Jíjò tó wà lápá ibi tí omi ń gbà wọlé tún lágídí, torí kì í kán síta. Afẹ́fẹ́ ló ń wọ inú ibẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á gbẹ táútáú. Fífi ìfófòó ọṣẹ pa oríkèé páìpù nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ ló ń tú u fó: ibi tí ìfófòó bá ti ń wọlé, ibẹ̀ ni.

Tí omi ò bá jáde láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì, kí wọ́n pa á. Omi tó ń gba inú ẹ̀rọ kọjá ló ń mú kí síìlì rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń dí i kí omi má bàa jò, tutù; láìsí i, síìlì á jóná.

Bí omi bá ti jìn ju mítà 7 lọ, àwọn kan máa ń gbé ẹ̀rọ sọ̀kalẹ̀ sórí pákó nínú kànga. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, torí wọ́n ti sún un mọ́ omi. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ oníná, kí wọ́n so ó le, kí oríkèé wáyà wà lókè, kí áàtì, wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, sì wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń mu epo bẹntiróòlù, tàbí jẹnẹrétọ̀, kò gbọdọ̀ dé inú kànga láé. Èéfín rẹ̀ ní carbon monoxide nínú, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn, tí kì í sì í tètè jáde nínú ihò. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ lọ pa á máa ń dákú kó tó mọ̀, ẹni tó bá tẹ̀lé e lọ gbà á sílẹ̀ náà á sì dákú tẹ̀lé e.

Ohun tó wù mí jù nínú gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n ti dá sí ọ̀rọ̀ mítà 7 yìí ni ẹ̀rọ onípáìpù méjì. Ó ń dá díẹ̀ padà sínú kànga lára omi tó gbé jáde, ìyẹn á gba ihò tóóró kan kọjá nísàlẹ̀, á sì máa ti omi mìíràn gòkè wá. Ìdajì omi lè máa lọ yípo bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ jókòó lókè níbi tọ́wọ́ ti lè tó o. Sumo, ẹ̀rọ tí wọ́n ń rì sínú omi kànga, ò ní wàhálà ìyẹn; inú omi ló ń gbé, títì nìkan ló ń tì. Kìkì pé kànga tó bá ń yọ iyanrìn á jẹ ẹ́ run, ẹni tó bá sì fẹ́ tún un ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fà á jáde láti ìsàlẹ̀.