Kòkòrò àti àwòrán ara ògiri ní ihò àpáta Ajanta

Ajanta jẹ́ ọ̀wọ́ ihò àpáta bí 30 tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà gbẹ́ sára òkè kan lókè odò Waghora, ní ìpínlẹ̀ Maharashtra, lórílẹ̀-èdè Íńdíà. Àwọn tó pẹ́ jù nínú wọn ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kejì ṣáájú ìbí Kristi. Ọ̀rúndún karùn-ún lẹ́yìn ìbí rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù. Àwòrán ara ògiri àti àjà wọn ló sọ ibẹ̀ di olókìkí. UNESCO fi í kún ogún àgbáyé ní ọdún 1983. Ohun púpọ̀ ló ń ba àwòrán wọ̀nyí jẹ́, ṣùgbọ́n kòkòrò le ju ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ, torí pé ẹ̀yìn àwòrán ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ojú kò tó.

Ohun tí kòkòrò ń jẹ

Kì í ṣe ọ̀dà nìkan ló ń fa kòkòrò wá. Àwọn ayàwòrán Ajanta kò kun ọ̀dà sára òkúta gan-an. Wọ́n po amọ̀ mọ́ èèpo ìrẹsì, koríko àti okùn ara ewéko, wọ́n rẹ́ ẹ mọ́ àpáta, wọ́n fi ẹfun fẹ́ẹ́rẹ́ lé e, kí wọ́n tó kun àwọ̀. Koríko yìí ni kì í jẹ́ kí amọ̀ sán bó bá ń gbẹ. Ẹni tó bá ti bá wọn po amọ̀ ilé rí yóò mọ̀. Òun kan náà ni oúnjẹ kòkòrò.

Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní silverfish lédè Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ pẹlẹbẹ, kò ní ìyẹ́, ó ń dán bí fàdákà, ó sì ní ìrù tín-ín-rín mẹ́ta. Irú rẹ̀ ló máa ń sáré jáde bí a bá ṣí ìwé tó ti pẹ́ nínú àpótí. Òkùnkùn àti ọ̀rinrin ló fẹ́ràn. Òjò tó ń rọ̀ láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ń mú kí ihò náà tutù, èémí àwọn àlejò ń dá kún un, ìgbẹ́ àdán sì tún ń bọ́ kòkòrò.

Bí wọ́n bá jẹ koríko inú amọ̀ tán, àlàfo ló ń kù. Amọ̀ á di fúkẹ́fúkẹ́, á sì ṣí kúrò lára àpáta. Lójú, àwòrán ṣì pé. Ṣùgbọ́n bí olùtọ́jú bá fi ìka kàn án jẹ́jẹ́, á dún bí agbè òfìfo.

Ìtọ́jú

Irú ibi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ fa gọ́ọ̀mù olómi sí lẹ́yìn, tí wọ́n á fi ohun rírọ̀ tì í mọ́ àpáta títí yóò fi mú, tí wọ́n á sì dí etí rẹ̀. Iṣẹ́ sùúrù gbáà ni. Ní àwọn ọdún 1920, Nizam ti Hyderabad, ọba tó ń ṣàkóso agbègbè náà nígbà náà, pe ará Ítálì méjì, Lorenzo Cecconi àti Orsini, láti ṣe é. Wọ́n gba ọ̀pọ̀ àwòrán là, ṣùgbọ́n ṣẹ́láákì tí wọ́n fi kùn ún pọ́n, ó sì bo àwọ̀ mọ́lẹ̀. (Ara kòkòrò kan ni ṣẹ́láákì fúnra rẹ̀ ti ń wá.) Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn ní láti máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Oògùn apakòkòrò pàápàá léwu. Ẹnu ihò fẹ̀, èéfín oògùn kì í dúró. Èyí tó jẹ́ olómi sì lè fọ àwọ̀, torí pé orí ògiri gbígbẹ ni wọ́n ti kùn ún.

Ellora, ọ̀wọ́ ihò àpáta mìíràn tí kò jìnnà síbẹ̀, yàtọ̀. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ méjì, Rajdeo Singh àti M. M. Sardesai, tẹ ìwádìí jáde pé okùn ara igi igbó, èyí táwọn kan ń mu, wà nínú amọ̀ tí wọ́n rẹ́ mọ́ ògiri ibẹ̀. Wọ́n ní kòkòrò kò jẹ ẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ní Ajanta, tí kò ní igbó nínú amọ̀, ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin àwòrán ni kòkòrò ti bà jẹ́. Ní ihò àpáta Mogao, ní Ṣáínà, ìṣòro náà gba ọ̀nà mìíràn: àfòpiná máa ń sá pamọ́ sínú ihò lọ́sàn-án, ìgbẹ́ rẹ̀ á sì fi àbàwọ́n sára àwòrán.

A kò lè tú ògiri Ajanta palẹ̀ ká tún fi igbó rẹ́ ẹ. Ohun tó kù ni ká má fi àyè gba kòkòrò: ká dí ọ̀nà àdán, ká gbá ìgbẹ́ rẹ̀ kúrò, ká dín iye àlejò tó ń wọlé lẹ́ẹ̀kan kù, ká sì máa kan ògiri wò lóòrèkóòrè.