Ẹsẹ̀ Yíyá Nìkan Kọ́ Ló Ń Jí Béèsì

Ìbéèrè: Nínú fantasy baseball, eré tí a ti ń yan àwọn agbábọ́ọ̀lù gidi tí ohun tí wọ́n bá ṣe lórí pápá ń di àmì fún wa, mo yan ọkùnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nílẹ̀ gan-an, síbẹ̀ béèsì (ọ̀kan nínú ibùdó mẹ́rin tí wọ́n ń sá yí ká láti gba àmì) tó jí kò tó nǹkan. Ẹlòmíràn tí kò yára tó o ń jí i lọ́tùn-ún lósì. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹgbẹ́ tí oníkálukú wọn wà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Kò sẹ́ni tó kàn ń jí béèsì, ìyẹn ni pé kó ti béèsì kan sá lọ sí èkejì nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà lọ́wọ́ alátakò, àfi tí mánéjà rẹ̀ bá fàyè gbà á. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń dúró lẹ́bàá béèsì àkọ́kọ́ ló sì ń ta á lólobó nípa bí ajubọ́ọ̀lù ṣe máa ń gbé ẹsẹ̀ kó tó ju bọ́ọ̀lù. Ẹ wo Juan Soto, tí kò sí lára àwọn tó yára rárá. Nígbà tó wà ní New York Yankees ní 2024, béèsì 7 péré ló jí. Ó kó lọ sí New York Mets, níbi tí Antoan Richardson ti ń ṣiṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá yẹn, ó sì jí 38 ní 2025.

Ìbéèrè: Ṣé ẹgbẹ́ tó lágbára ló sàn jù fún ajíbéèsì ni, àbí èyí tí kò lágbára?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ gbọọrọ. Nínú ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù dáadáa, ó máa ń tètè yí kan èèyàn láti tún gbá, àyè àtidé orí béèsì sì ń pọ̀ sí i. Àmọ́ tí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ bá ti wà lórí béèsì tó wà níwájú, ibo ni yóò sá lọ? Tí ó bá sì jẹ́ pé ẹni tó lè gbá bọ́ọ̀lù jáde kúrò nínú pápá ló kàn, mánéjà lè ní kó dúró jẹ́ẹ́. Tí ẹgbẹ́ kan bá sì ti fi àmì púpọ̀ ṣíwájú, tí alátakò kò bìkítà láti dá a dúró mọ́, akọ̀wé eré kì í ka irú sísá bẹ́ẹ̀ sí béèsì jíjí. Ní 2024, Washington Nationals ló jí béèsì jù lọ, 223, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí wọ́n pàdánù pọ̀ ju ìgbà tí wọ́n borí lọ. Lọ́dún yẹn kan náà, Shohei Ohtani jí 59 fún Los Angeles Dodgers, tó gba ife-ẹ̀yẹ.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí àwọn mánéjà kan fi ń ṣọ́ra fún béèsì jíjí?

Ìdáhùn: Ẹni tí wọ́n bá mú ti fi ọ̀kan ṣòfò nínú àǹfààní 27 tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí eré tó parí. Ajíbéèsì tí kò bá yege tó nǹkan bí ìgbà méje nínú mẹ́wàá ń pa ẹgbẹ́ rẹ̀ lára ni. Nínú fantasy tiwa ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, a kì í yọ nǹkan kan kúrò nítorí pé wọ́n mú un. Àdánù wà lọ́rùn wọn, èrè wà lọ́wọ́ wa, títí mánéjà yóò fi so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé òfin tuntun tí MLB, líìgì baseball ńlá ti Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2023 kò ti sọ gbogbo ẹgbẹ́ di ọgba?

Ìdáhùn: Rárá o. Wọ́n fẹ béèsì láti íǹṣì 15 sí 18, wọ́n sì dín iye ìgbà tí ajubọ́ọ̀lù lè dá iṣẹ́ dúró láti ṣọ́ ẹni tó wà lórí béèsì kù. Àpapọ̀ béèsì tí wọ́n jí wá gòkè láti 2,486 ní 2022 dé 3,503 ní 2023, èyí tó sọ kí ẹnì kan jí ogún béèsì lọ́dún di ohun tí kò wọ́n mọ́. Nítorí náà, tí ẹsẹ̀ ẹni méjì bá dọ́gba, iye ìgbà tí ẹgbẹ́ kálukú jẹ́ kó sá nígbà tí béèsì kejì ṣófo ni mo máa ń wò kí n tó yan ọ̀kan.